Ẹ̀wù Adarí Lórí Àtẹ̀gùn Tó Ń Rìn

Ká ní aṣọ ni ìgbéraga, télọ̀ inú ẹgbẹ́ akọrin wa ì bá ti rán an fún gbogbo àdúgbò, àjákù rẹ̀ ì bá sì tún tó ṣe kọ́tìnnì fún ilé ìjọsìn.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ohùn-Oyin. Ẹlòmíràn a dúró kí ayé fún òun ní oríkì. Tirẹ̀, ó ti kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kí ayé tó jí. Ohùn-Oyin, ọ̀gá ẹyẹ, a-kọrin-kí-fèrèsé-máa-gbọ̀n! Fọ́tò rẹ̀ méje ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Fọ́tò Jésù náà wà níbẹ̀ o, kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Tó bá ń kọrin, ṣe ló máa ń dijú pinpin. Àwa rò pé Ẹ̀mí ló ń gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá.

"Ara rẹ̀ ló ń wò nínú lọ́hùn-ún," ni obìnrin náà wí.

Ẹ má rò pé mo ń bú u. Káfíńtà ni mí, ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo sì máa ń dúró sí. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń gbọ́ orin wa. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìgbàgbọ́ náà máa ń tiro, tí mo máa ń bi ara mi bóyá orin náà kọjá àjà. Ṣùgbọ́n bí Ó bá ń gbọ́ tiwa, á jẹ́ pé Ó ń gbọ́ ti télọ̀ náà. Sùúrù Rẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Bàbá Olórin, arúgbó tó ń darí wa, ló dá ọ̀rọ̀ ọdún yìí sílẹ̀. Ó pè wá jọ lẹ́yìn ìdánrawò, ó gbé ọ̀pá orin rẹ̀ sílẹ̀.

"Lẹ́yìn Kérésìmesì, mo fẹ́ sinmi. Ẹ ó yan adarí tuntun. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan."

Ó ní ká lọ sí ilé ìtajà ńlá bí ẹni tó fẹ́ rajà. Kí oníkálukú wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀ orin lójijì, àwa yòókù yóò gbà á, àwọn oníbàárà yóò sì rí i pé àárín akọrin làwọn ti wà látàárọ̀.

"Bí a bá parí, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí orin náà kàn rọ̀, bí òjò tí kò ṣú."

"Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀?" Télọ̀ ti dìde kó tó bèèrè.

"Ìyá Agbẹ̀bí."

Ìyá Agbẹ̀bí ni olórí àwọn olóhùn òkè. Ilé ìwòsàn ló ti ń gbẹ̀bí, ó sì kúrú débi pé ohùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó máa wá orí rẹ̀ kiri. Gbogbo wa mọ̀ pé láàárín òun àti télọ̀ la ó ti yan adarí.

Télọ̀ wúkọ́ bí ẹni tí ire ìjọ há lọ́fun. "Bàbá, mi ò kọ̀ o. Ṣùgbọ́n ilé yẹn ga. Ẹni tó kúrú, ibo lohùn rẹ̀ fẹ́ dé?"

"Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Èmi tí ọmọ tuntun ń jágbe mọ́ lójoojúmọ́, ariwo ọkùnrin kan ò lè pa mí."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ohùn-Oyin, gba ẹsẹ kìíní. Títí o ó fi kọ ọ́ tán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yanu. Ìparí ìlà kẹrin la ó ti gbà á. Aṣọ iṣẹ́ ni kí gbogbo wa wọ̀ o. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Bàbá, inú mi, kànga ni."

Òótọ́ ni. Gbogbo àdúgbò ló sì ń fa omi níbẹ̀. Tó bá ti na téèpù yí oníbàárà lọ́rùn, á fẹnu sí i létí: "Má sọ fẹ́nì kan o. Tó bá ku ọ̀la kí á ṣe Kérésìmesì, wá dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó ń rìn, ní ilé ìtajà ńlá. Wàá rí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí áńgẹ́lì. Gbé fóònù dání." Ó sọ fún onígbàjámọ̀, ó sọ fún tíṣà, ó sọ fún ẹni tó kàn wá tọrọ abẹ́rẹ́.

Èmi náà lọ tún ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ ṣe, mo bá rí ẹ̀wù funfun kan lórí ìkọ́. Okùn aláwọ̀ wúrà ló fi ká etí rẹ̀. Ó gùn, ó gùn, ìrù rẹ̀ wọ́ dé abẹ́ àga.

"Ta ló ni èyí?"

"Oníbàárà kan ni."

"Ṣé ẹ̀wù adarí akọrin kọ́ nìyí?"

"Káfíńtà, ẹsẹ̀ tábìlì ni mo pè ọ́ sí."

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Baálé mi, wọn ò tíì yàn yín, ẹ ti ránṣọ. Ó tún wá gùn jù, ilẹ̀ ló ń gbá."

"Jẹ́ kó máa gbá a. Ọlá ló ń gbá jọ."

Adìyẹ ò tíì yé, ọkùnrin yìí ti ń bu iyọ̀ sẹ́yin.

Ọjọ́ pé. Mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Mo di páálí ẹyin kan mú bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó fọ́. Ìyá Agbẹ̀bí wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣa ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì rajà tán. Ètò wa pé pérépéré, àfi nǹkan kan: gbogbo ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ sọ fún ló ti dé.

Wọ́n kún ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, fóònù lókè.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ohùn-Oyin ni. Ó ní èmi nìkan lòun sọ fún."

"Àbí kí lò ń wí? Èmi nìkan ló sọ fún!"

Máníjà ilé ìtajà sáré jáde. Àtẹ̀gùn tó ń rìn méjì ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀. Ó pariwo sí gáàdì: "Yí méjèèjì sókè! Jẹ́ kí èrò yìí dín kù díẹ̀ nísàlẹ̀!" Gáàdì yí i. Gbogbo wa rí i, àyàfi Ohùn-Oyin, tó wà lókè nínú yàrá tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò, tí òun àti dígí ń kíra.

Bàbá yóò ṣí fìlà, ìyẹn ni àmì wa. Ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀wù funfun náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sórí fìlà.

Télọ̀ ò dúró. Ó dijú pinpin, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

*Kò dé tòun ti ìró fèrè,*

Ó sọ̀ kalẹ̀ níṣìísẹ̀ kan. Àtẹ̀gùn gbé e padà níṣìísẹ̀ kan.

*Kò wọ aṣọ aládé wá,*

Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà ń gòkè bọ̀, ó kò ó lójúkojú. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé lílọ lẹ̀ ń lọ ni, àbí ẹ̀ ń bọ̀?"

Ó la ojú kan. Ibi tó ti gbéra náà ló ṣì wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára.

*Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa,*

Rọra kẹ̀? Sísá ló ń sá! Ìlà kẹrin ló kù, ṣùgbọ́n áńgẹ́lì wo ló ń parí orin lókè àjà? Ó fẹ́ kó jẹ́ pé ilẹ̀ ni yóò ti kọ ọ́. Ó bá pa dà sórí ìlà kẹta.

"Ó rọra… hẹ̀n… ó rọra sọ̀… hẹ̀n… ó rọra…"

"Áńgẹ́lì, ìsàlẹ̀ la wà o!" ni onígbàjámọ̀ ké.

"Ẹ fún un láyè, ó rọra ń bọ̀ ni!"

Àwa akọrin dúró bí òpó, a ń retí ìlà kẹrin. Mo gbàdúrà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń tọrọ gan-an, bóyá kó dé ilẹ̀ ni, bóyá kí ilẹ̀ lanu.

Èémí tán nínú Ohùn-Oyin. Ó dúró. Àtẹ̀gùn rọra gbé e lọ sókè, ẹ̀yìn ló fi ń lọ, ìrù ẹ̀wù sì ṣáájú rẹ̀ dé ibi eyín irin tí àtẹ̀gùn máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ lókè. Eyín irin gbé e hán. Gáàdì sáré tẹ bọ́tìnnì pupa, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, télọ̀ jókòó gbì.

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù náà, sà, kí n lè fà á yọ," ni gáàdì wí.

"Mi ò lè bọ́ ọ."

"Kí ló dé?"

Ìyàwó rẹ̀ nísàlẹ̀ fọwọ́ bojú. "Ẹ má bọ́ ọ o, baálé mi! Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ò lẹ́yìn!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́, gáàdì ti fà á bọ́. Kọ́là ń dán níwájú, táì wà níbẹ̀, àyà ṣẹ́ẹ̀tì gún régé. Ó yí padà. Okùn méjì péré, àti ẹ̀yìn télọ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó ti ń ṣọ́ aṣọ lò! Ẹ̀rín bú, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Lẹ́yìn náà mo rí i tí àwọn oníbàárà rẹ̀ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù, tí wọ́n ń wá ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì tiwọn.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ìyá Agbẹ̀bí ti yanu, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun lọ́wọ́. Kò gbé ohùn sókè rárá.

*Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa,*
*Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sùn sí.*

A gbà á. Láti ìdí àpótí ẹja, láti ẹ̀yìn ọṣẹ, láti orí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ti wá wo télọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹni tó dúró tì wọ́n yóò kọrin. Obìnrin alápẹ̀rẹ̀ gbé ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá orin náà kọjá àjà. Mo mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn.

Nígbà tí a parí, gáàdì gbé ẹ̀wù sọ̀ kalẹ̀, Bàbá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín irin ti já ìrù rẹ̀ dànù, ìdajì ló ṣẹ́kù. Bàbá gbé e lé Ìyá Agbẹ̀bí léjìká. Ó bá a dé ọrùn ẹsẹ̀ géérégé.

Wọ́n ń retí kí télọ̀ bínú. Ó wo ẹ̀wù náà lọ, ó wò ó bọ̀. Iṣẹ́ ò ṣàì jẹ́ iṣẹ́.

"Ọwọ́ òsì gùn díẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́ láti òkè. "Ẹ jẹ́ n bá yín ká a, Ìyá Adarí."

Ìyàwó rẹ̀ gun àtẹ̀gùn tí kò rìn mọ́ náà lọ bá a, ó ṣa ìrù ẹ̀wù tó já sílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi bo ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ ò rí i," ló wí, "ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì yín náà rèé."