Ère Tí Ògúndípẹ̀ Ta Aṣọ Bò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé òjòwú kò lẹ́ran láyà? Ẹ má wo ìyàwó yín, èmi ni kí ẹ wò. Àwọn kan á ní ìrònú ló ń mú kí òjòwú rù. Irọ́ ni! Mo mọ òjòwú méjì ládùúgbò mi, ẹnu ọ̀nà kò gbà wọ́n mọ́. Òwe yẹn ní ìdí, ìlú Ìdí-Ọsàn ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, kì í sì í ṣòfófó. Owú nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Bí obìnrin bá kí ọkọ rẹ̀ pé "ẹ káàárọ̀", á fẹ́ mọ ohun tó dùn nínú àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí obìnrin kan ń ka ìròyìn lórí rédíò, odindi oṣù mẹ́ta ni Mosúnmọ́lá fi pa rédíò ọ̀hún, ó ní ohùn obìnrin náà ti rọ̀ jù fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ògúndípẹ̀ ọkọ rẹ̀ kì í ṣe aláfẹ́. Ère idẹ ló ń ṣe. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni eérú máa ń wà nírùngbọ̀n rẹ̀, bó bá sì sọ gbólóhùn mẹ́wàá lóòjọ́, ó ti rojọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bí wọ́n ṣe ń ṣe ère idẹ, kí ẹ má baà ní mo fo ibì kan. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ inú rẹ̀. Wọn á fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ara ìda yìí ni wọ́n sì ti ń mọ ojú, imú àti gbogbo ẹ̀yà ara. Wọn á tún wá fi amọ̀ bo ìda pátápátá, wọn á gbé e síná, ìda á yọ́ dànù, wọn á sì da idẹ yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Bí ìda bá ṣe rí ni idẹ máa rí. Bí eṣinṣin bá tẹ ìda, ẹsẹ̀ eṣinṣin á wà lára idẹ títí ayé. Mosúnmọ́lá mọ gbogbo èyí, torí òun ló ń sẹ́ amọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìlú fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà ní gbọ̀ngán. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan mú ère kan ṣoṣo wá, èyí tó ti ọkàn òun fúnra rẹ̀ wá, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó sì fọ́ amọ̀ tó bo ère náà níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ tí Ògúndípẹ̀ gbọ́ ọ ló ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá Morádékẹ́," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, "jọ̀ọ́, má wọlé síbí títí màá fi ṣe tán."

Ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sí aṣọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí! Ọkàn Mosúnmọ́lá kò balẹ̀ mọ́. Kí ni ọkùnrin ń fi amọ̀ ṣe tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó fojú sí ihò ògiri. Ẹ gbà mí o! Ọkọ rẹ̀ ló rí tó rọra ń fi àtàǹpàkò pa èjìká obìnrin kan tó fi ìda mọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni obìnrin náà, ó ru garawa omi, ọrùn rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ ṣe rẹ́gí, àyà rẹ̀ sì kún dáadáa. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ń bá ìda sọ̀rọ̀! Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, ó kù díẹ̀."

Mosúnmọ́lá wo ìbàdí ìda, ó wo tirẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ti gba ibẹ̀ kọjá. Kò rí ibi tí òun àti ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí ti pàdé. Owú bá gbé e dìde, ó ń wá ẹni tí ìda náà jọ. Délọ́lá ló bọ́ sí i lọ́kàn, ọmọbìnrin tó ń kó ìda oyin wá fún ọkọ rẹ̀ láti oko, tí òun náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó gba ilé Délọ́lá lọ.

"Délọ́lá, garawa mélòó lo ti rù kọjá níwájú ọkọ mi?"

"Garawa kẹ̀, màámi? Ẹ̀rọ omi wà nílé wa."

"Háà! Ìwọ ló lẹ́rọ omi, èmi ni mi ò ní. Ìyẹn náà lo fi ń yangàn sí mi!"

Ó padà sílé, ó gún iyán fún ọkọ rẹ̀, kò fi ẹran sí ọbẹ̀. Ọkọ jẹ ẹ́ tán, ó ní o ṣeun. Ìyẹn ló tún dun Mosúnmọ́lá jù, pé inú ọkùnrin dùn débi pé kò mọ̀ pé òun ò jẹ ẹran.

"Bàbá Morádékẹ́, ta ni ẹ ń mọ lẹ́yìn aṣọ yẹn?"

Ògúndípẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé ni. Tó bá dọjọ́ àfihàn, ìwọ náà á rí i."

Ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń fẹnu ara rẹ̀ dáná! Ẹ̀rù ba Mosúnmọ́lá gidi. Bí ère yẹn bá jáde, gbogbo Ìdí-Ọsàn ló máa mọ̀ pé òun kọ́ ni ọkọ òun fẹ́ràn, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n lójú òun.

Lọ́jọ́ kejì, Ògúndípẹ̀ lọ wá àlòkù idẹ tó fẹ́ yọ́. Kò tíì dé ìkóríta tí Mosúnmọ́lá fi ki ṣíbí ìsebẹ̀ bọ iná, ó ká aṣọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.

"Ẹ kú ìdúró, ìyàwó tuntun. Ohun tí ẹ fẹ́ fi gba ọkọ mi ni mo wá wò."

Ó bu ọ̀tún, ó bu òsì. Ó há a, ó há a, títí àyà obìnrin náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọlọ, tí ìda ibẹ̀ ṣẹ́ kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó fẹ́ bọ́ sórí imú, owú ò tiẹ̀ jẹ́ kó wo ojú ẹni náà dáadáa, ni ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó sọ ṣíbí nù, ó gbá amọ̀ tó wà nílẹ̀ mú, ó sì fi bo ère náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìyá Morádékẹ́! O ti wọlé?"

"Mo wọlé."

"O sì rí i?"

"Mo rí i dáadáa."

"Inú ò bí ẹ pé mo fi pa mọ́ fún ẹ?"

"Èmi? Kí ló máa bí mi nínú? Mo tiẹ̀ ti bá yín fi amọ̀ bò ó."

Omi lé ròrò sójú Ògúndípẹ̀. "Mo mọ̀ pé o máa dá a mọ̀."

Mosúnmọ́lá ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ta ni kò ní dá Délọ́lá mọ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n da idẹ, Mosúnmọ́lá gan-an ló fẹ́ná jù, kí gbogbo ìlú lè rí àyà tó ti há.

Ọjọ́ àfihàn pé. Gbọ̀ngán kún, Ọ̀tún ìlú jókòó níwájú, Délọ́lá náà wà níbẹ̀, ojú Mosúnmọ́lá kò sì kúrò lára rẹ̀. Ògúndípẹ̀ gbé ère tó wà nínú amọ̀ kalẹ̀, ó mú òòlù.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, iná jó ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò mí. Ọmọbìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ń ti odò bọ̀, ó ru garawa omi. Kò béèrè orúkọ mi. Ó da omi náà síná, ó padà lọ pọn òmíràn. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ló lọ, mo kà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ń wo iná, òun ni mo máa ń rí."

Ọdún méjìlélógún? Mosúnmọ́lá tún Délọ́lá wò. Délọ́lá kò tíì pé ogún ọdún! Ta ló wá sáré lọ sódò nígbà mẹ́tàdínlógún? Orúnkún rẹ̀ rántí kí òun fúnra rẹ̀ tó rántí.

"Ẹ má fọ́ ọ!" ló pariwo.

"Ojú ló ń tì í," ni Ògúndípẹ̀ wí, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó fi òòlù lu amọ̀. Garawa yọ. Ojú yọ, wọ́n pariwo, "Mosúnmọ́lá rèé!" Ọrùn yọ, wọ́n pàtẹ́wọ́. Amọ̀ àyà wá já bọ́, gbogbo gbọ̀ngán sì na ọrùn wò ó. Àyà tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ṣíbí hàn níbẹ̀ gbangba.

Ọ̀tún wo ère, ó wo Mosúnmọ́lá, ó tún wo ère. "Ògúndípẹ̀, iṣẹ́ rẹ dára. Àmọ́ kí ló ṣe ìyàwó rẹ láyà?"

"Bàbá, ẹran wà níbẹ̀ nígbà tí mo jáde nílé."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni mo há a. Mo rò pé obìnrin mìíràn ni!"

"O jowú ara rẹ?" ni Ọ̀tún bi í. Délọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga.

Mosúnmọ́lá bẹ ọkọ rẹ̀ kó tún àyà náà ṣe, ó kọ̀. Ó ní, "Èyí tí mo mọ, ìwọ ni. Èyí tí o há, ìwọ náà ni. Ère yìí ti pé."

Akọ̀wé àfihàn wá gbé ìwé dé, ó ní orúkọ wo lòun máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ọ̀tún. Bàbá tún ère náà wò láti òkè délẹ̀, ó fọwọ́ nu omijé ẹ̀rín, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí gbogbo wa fojú rí ni kí o kọ: òjòwú kò lẹ́ran láyà."