Àgbo Ìyá Ìbídùn Nínú Síǹkì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀? Ẹ máa sọ pé ọ̀rọ̀ orí ni, ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ni. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ síǹkì ni.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun, Akínbọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ó ga, ó mọ aṣọ wọ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun kíkorò kan ahọ́n. Ìbídùn ló fẹ́ fẹ́, ìyá Ìbídùn ló sì ń pàṣẹ nílé wọn. Ẹnì kan ti wá tọrọ ọmọ náà ṣáájú Akínbọ̀dé. Ìyá bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ kù. "Ẹni tó bá kọ ọwọ́ mi, ó kọ ọmọ mi," ni Ìyá wí. Bí ìyẹn ṣe bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ẹbí Ìbídùn wá wo ọkọ, Akínbọ̀dé ń wá láràárọ̀ bá àna rẹ̀ kun ilé lọ́dà. Ọ̀dà gbà á nímú, ó wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá gbójú sókè.

"Ibà nìyẹn."

Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀, ó ń gbé àgbo fún un, ife ńlá. Egbò, èèpo igi, ewé tó korò ju ẹnu orogún lọ. Ó tún ń po ògì tútù mọ́ ọn kí ó lè dúró nínú.

"Mu ún tán, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà."

Tí Ìyá bá ti kẹ̀yìn sí i báyìí, Akínbọ̀dé á yọ́ wọ ilé ìdáná, á da àgbo sínú síǹkì, á wá máa nu ẹnu tí kò tutù.

"Ó ti wọlé, mà."

"Ìyẹn lọkùnrin!"

Ẹ má gbàgbé ògì yẹn o.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹbí ń bọ̀ gan-an. Akínbọ̀dé ti wọ bùbá funfun. Ìyá ti lọ pàdé àwọn àlejò lẹ́nu títì. Akínbọ̀dé da àgbo bó ṣe máa ń dà á. Àgbo kò lọ. Ó dúró sínú síǹkì, ó ń wò ó.

Ó ní bóyá yóò fà. Kò fà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á. Nǹkan kan ké nísàlẹ̀, gbọ̀lọ̀, àgbo àná gòkè wá bá tòní jókòó. Òórùn gba ilé kan. Òógùn bo Akínbọ̀dé. Bí Ìyá bá wọlé bá èyí, Ìbídùn ti lọ nìyẹn.

Ó mú ọmọrogùn Ìyá, ó ń fi gún ihò náà. Ó gún un, ó gún un, ó gún un, pá! Ọmọrogùn kán. Ààbọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ààbọ̀ wà nínú páìpù.

Ìbídùn bá wọlé. "Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan ló ń rùn báyìí?" Ó wo síǹkì, ó wo ife, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Àgbo Màmá mi! Gbogbo èyí tí o ní o mu látẹ̀yìn wá ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn wà."

"O ti pa mí! Jẹ́ kí n sáré pe púlọ́ńbà."

"Púlọ́ńbà kẹ̀? Kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́? Ṣé èmi kì í ṣe ọkùnrin ni? Ọ̀rá ló dí i. Omi gbígbóná ló ń yọ́ ọ̀rá."

Ó gbé omi kaná. Bó ṣe hó báyìí, ó yí gbogbo rẹ̀ dà sínú síǹkì.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ ohun tí omi híhó ń sọ ògì dà? Ọmọdé tó ń sunkún ẹ̀kọ mọ̀ ọ́n. Àfi Akínbọ̀dé. Ìwọ̀nba omi tó ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Èyí tó wà lókè ń ki, ó ń dán, ó ń rú èéfín.

"Ẹ̀kọ ni," ni Ìbídùn wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ dẹkún. "O po ẹ̀kọ sínú páìpù Màmá mi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Àna wa wà nílé. Mo ti fi àgbo lé ibà ara rẹ̀ lọ!"

Akínbọ̀dé kó sábẹ́ síǹkì, ó di páìpù mú níbi tó ti tẹ̀ kọrọdọ, ó ń lọ́ ọ. Ó le. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. "Gbé nǹkan wá! Ohunkóhun!" Ìbídùn ti abọ́ tánganran sí i, èyí tí Ìyá fi ń bu oúnjẹ fún àlejò pàtàkì. Páìpù bọ́. Ẹ̀kọ yọ jáde lódidi, gígùn gbọọrọ, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé, ààbọ̀ ọmọrogùn dúró láàrin rẹ̀. Àgbo gbogbo ọjọ́ dà tẹ̀lé e, abọ́ kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìyá ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹbí wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na ọrùn. Ìyá fa imú. Ó mọ òórùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Ìbídùn ló dáhùn, ìbá sàn kó ti dákẹ́: "Màmá, ó ní tútù rẹ̀ kò tó òun. Ó ní kí òun kúkú sè é, kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ẹbí hó yèè. "Àna rere!" Ìyá kò hó. Ó wo abọ́. Ó wo páìpù nílẹ̀. Ó wo ọmọrogùn rẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ Akínbọ̀dé, ó pẹ́ níbẹ̀.

"O káre, ọmọ mi. Má jẹ́ kó tutù."

Kí ni yóò ṣe? Bó bá kọ̀, ó kọ Ìbídùn. Ó yọ igi kúrò, ó dijú, ó gbé abọ́ sẹ́nu. Ó mu tòní, ó mu tàná, ó mu tìjẹta, ó fi ẹ̀kọ rẹ̀ lé e. Kó tó kan ìdí abọ́, omijé ti dé àgbọ̀n rẹ̀.

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú nǹkan kan tó ń dán kúrò létè rẹ̀, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ìpẹ́ ẹja," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi kì í po ìpẹ́ ẹja mọ́ àgbo."

Akínbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi síǹkì, tòun ti bùbá funfun. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú."

Ìyá yíjú sí ẹbí. "Ẹ bá mi gbà á. Ẹni tó lè mu èyí nítorí Ìbídùn, ìyà wo ni kò ní lè bá a jẹ?" Ó wá rọra sọ ọ́ sí Akínbọ̀dé létí: "Wàá ra ọmọrogùn. Wàá sì mu tọ̀la."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá gbé ife dé. Síǹkì ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ti so páìpù rẹ̀ padà, ihò rẹ̀ là, omi ń lọ geere. Akínbọ̀dé kò tilẹ̀ wo ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ó gbé àgbo mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti mu ún ní gbígbóná pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja, tútù ti di oyin lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ohun kíkorò fún yín, ẹ yáa mu ún nígbà tó ṣì mọ́. Omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Inú páìpù ni yóò ti dúró dè é.