Omi Tí Lọ́rì Wa Ń Mu

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí eyín tilẹ̀ tán lẹ́nu mi. Kí òmìnira tó dé ni. Nígbà náà, mo gbà pé èmi ni Ọlọ́run kọ́kọ́ bu ọgbọ́n fún, kó tó pín ìyókù fún gbogbo ará Elégbèka, ìlú wa.

Àwa mẹ́jọ la dáwó ra lọ́rì kan tó ń kó iṣu àti kòkó láti Ìfọ̀n lọ sí Ọ̀wọ̀. Ọdọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, la máa ń pín èrè. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ márùn-ún ká pín in ni Ìyá Ìkàrẹ́ wọlé tọ̀ wá. Ìyàwó ilé wa ni, ẹ̀bá ọ̀nà ló ti ń sun bọ̀ọ̀lì tà, òun ló sì ń fún dẹ́rẹ́bà wa lómi tó ń rọ sí imú lọ́rì kí ẹ́ńjìn má bàa gbóná jù.

"Ẹ̀yin ọkọ mi," ó ní, "ẹ má gbójú lé èrè o. Garawa kan ni lọ́rì yín ń mu tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ló ń mu báyìí, kò sì tíì gun òkè."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ tipẹ́, ká ti ta lọ́rì. Òmíràn ní ìbá dákẹ́ ká pín èrè tán, ṣebí ọ̀rọ̀ kì í jẹrà. Èmi dìde, mo gbọn dàńṣíkí mi. Mo ní, "Ó fẹ́ ká já ìpín wa sílẹ̀ lọ́pọ̀ ni, kóun rà á."

Kò tilẹ̀ bínú. "Ọkọ mi, òùngbẹ lè gbẹ lọ́rì lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá sọ ọ́ nígbà náà, òfófó ni. Ìrìn àjò mẹ́fà ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Àná ló dá mi lójú, òní ni mo sọ ọ́."

Sámúẹ́lì, akọ̀wé wa, fa ojú ro. "Ta ló máa gba ìpín mi?"

"Gbé e wá," ni mo wí. "Iṣu ni n ó fi gbà á."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méje ti kó ìpín wọn fún mi, àká iṣu mi sì ṣófo, tòun ti èbù tí èmi àti ìyàwó mi ì bá gbìn. Iṣu mi nígbà náà, ewúrẹ́ lè bímọ sábẹ́ òjìji ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń jiyàn, ewúrẹ́ náà ti kú, ẹ ò lè bi í.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lọ́rì dé lóòótọ́. Àwọn èrò inú rẹ̀ ló ń tì í bọ̀.

"Èrè dà?" ni mo bi dẹ́rẹ́bà.

Ó nu epo dúdú lójú. "Èrè ti di irin, ọ̀gá. Ẹ́ńjìn ló jẹ ẹ́ tán, òun náà sì ti kú."

Ọjọ́ kejì, òjò rọ̀. Gbogbo wọn ń gbin iṣu mi sóko wọn. Mo yí lọ́rì po títí, n ò rí ibi tí wọ́n ti ń gé e ní èbù. Ọdún tá ò bá gbìn, ebi ni a ó jẹ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìkàrẹ́.

"Ẹ dìde, ọkọ mi. Mo ní èbù. Ẹ bá mi kọ ebè, ká pín in."

"Ẹ ò ní kọ́kọ́ bú mi?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ bú yín? Òjò ti ń rọ̀."

Mo ti rí ọlọ́gbọ́n, mo ti rí òyìnbó onígíláàsì ojú, n ò rí irú obìnrin yìí rí: ó mọ ìgbà tí ẹnu ń dákẹ́, ó mọ ìgbà tó ń ṣí. Èmi ń bá a jà lórí ìdí tó fi sọ̀rọ̀, n ò bi ara mi bóyá òótọ́ ló sọ.

Ìdí ebè náà ni mo wà, tí Sámúẹ́lì àtàwọn yòókù ń fẹsẹ̀ rìn kọjá, ẹrù lórí.

"Onílọ́rì," ni wọ́n kí mi, "ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ní, "Ẹ kú ìrìn." Mo rẹ́rìn-ín, òógùn sì ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu.