Wọ́n Ti Fòfin De Àárín ní Bẹ́lífọ́ọ̀dù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Bẹ́lífọ́ọ̀dù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ń kó yìnyín lójúde kó fi ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà kó sinmi díẹ̀, ẹ ó máa bá a lọ tí mo bá kọjá. Ẹgbẹ́ Pupa ló rán mi. Ẹgbẹ́ Búlúù náà ló rán mi. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Láti òní lọ, àárín ti di èèwọ̀. Mo tún un sọ: àárín ti di èèwọ̀.

Àṣẹ kìíní. Kí ọmọ Ẹgbẹ́ Pupa máa sún sí ọ̀tún láràárọ̀ kó tó mu kọfí. Kí ọmọ Ẹgbẹ́ Búlúù máa sún sí òsì. Ẹni tó bá dúró sójú kan, tí ẹgbẹ́ sún fi í sílẹ̀, òun ló sá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni.

Àṣẹ kejì. Kó tó di ìdìbò abẹ́lé, kí olùdíje máa lejú bí ẹni tí eyín ń dùn. Bó bá wọlé tán, ó lè wá rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìlú, kó ní òun kò bínú rí.

Àṣẹ kẹta. Bí alátakò bá ní òjò ń rọ̀, oòrùn ló ń ràn. Ẹni tí a bá ká agbòjò mọ́ lọ́wọ́ yóò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ alága ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Torí Ọ̀gbẹ́ni Káfìn ni wọ́n ṣe ṣe àṣẹ kẹta yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n, olùdíje Ẹgbẹ́ Pupa sí ìgbìmọ̀ ìlú, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé. Nípàdé ìlú, Omidan Lọ̀rẹ́tà ti Ẹgbẹ́ Búlúù dìde, ó ní òrùlé iléèwé ń jò. Ojú Lọ̀rẹ́tà, ẹ̀yin ará! Ojú tó ń mú ọkùnrin gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Káfìn kò gbàgbé orúkọ, ẹgbẹ́ ló gbàgbé. Ó ní, "Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ, Lọ̀rẹ́tà. Ó ń jò." Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí wọn, àfi bíi pé Káfìn fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ìdájọ́ rèé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí Káfìn búra níwájú ẹgbẹ́ pé òrùlé kò jò, pé òun kò sì mọ Lọ̀rẹ́tà rí. Bí kò bá búra, tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Búlúù náà ní kí Lọ̀rẹ́tà búra pé òpùrọ́ ni Káfìn, àní níbi tí Káfìn ti gbè é lẹ́sẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo jíṣẹ́ fún Káfìn nílé rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wá ìjókòó ìgbìmọ̀ yẹn. Lọ̀rẹ́tà ni kò wá kiri rárá, ó kàn rí i he ni. Obìnrin náà wà níbẹ̀, ó ń de bàtà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Káfìn, bó o bá búra, mi ò ní bínú. Mi ò kàn ní mọ̀ ẹ́ mọ́ ni."

Káfìn ṣí fìlà pupa ẹgbẹ́ lórí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bá mi dá a padà fún alága. Sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan. Ibi tí mo wà náà ni mo wà. Òrùlé sì ń jò."

Láàárọ̀ yìí, àwọn méjèèjì gbé àga méjì sí àlàfo tó wà láàárín ìjókòó Pupa àti ìjókòó Búlúù nínú gbọ̀ngàn. Àwọn alága ní kí n sọ fún yín pé ẹni méjì péré ni, ẹ má kà wọ́n sí. Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá níbẹ̀, àwọn kan ń sáré lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti sọ ẹrù ẹnu mi kalẹ̀. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún aládùúgbò. Ohùn nìkan lèmi ní, mi ò lẹ́gbẹ́.