Ojú Afẹ́fẹ́

Òjò ti ṣú dùdù. Aránṣọ kan yọ sí káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀mọ̀wé, ó bá a níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń ka ìwé gbàǹgbà kan. Iṣẹ́ tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ bàbá yìí, ìwé ló máa ń fi gbèjà ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá káfíńtà. Iṣẹ́ mà wọ̀ yín lọ́rùn o!"

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí mi. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ wíńdò ti wá?"

"Ibi tí wíńdò tèmi wà ni mo bá wá. Màmá mi ń ti ọsibítù bọ̀ lónìí, ihò ló ṣì wà lára ògiri yàrá wọn."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn! Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ kan ló ni ọ̀rọ̀ náà, níbi tí òtútù ti ń mú burúkú. Ojú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ wọn ni òyìnbó ti gbà á. Ihò lásán ni nígbà náà, kò sí dígí, kò sí pákó."

"Ẹ ṣeun. Ikọ́ màmá mi á gbádùn ìtàn yìí."

"Tí a bá fojú ìmọ̀ wò ó, wíńdò yín ti parí. Ojúlówó gan-an lẹ ní!"

Àrá sán. Ọ̀mọ̀wé ṣí ojú ìwé mìíràn.

"Ká ní ihò ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe, eku ilé wa ì bá ti bá mi gbẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹ fi hàn mí lánàá ńkọ́, tí ẹ ti kùn ní ọ̀dà?"

Ọ̀mọ̀wé wúkọ́. "Ìyẹn... Oníbàárà kan wá láàárọ̀ yìí, ó pariwo débi pé mo gbé e fún un. Ẹ̀yin, ẹni jẹ́jẹ́ ni yín. Tẹlòmíì ni màá fi dí tiyín."

"Ta lẹlòmíì ọ̀hún?"

"Kò tíì gbéṣẹ́ wá."

Aránṣọ kò pariwo. Ó yọ téèpù ọrùn rẹ̀, ó fi wọn wíńdò ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò yàrá màmá rẹ̀. Ó gbé òòlù orí tábìlì, ó lu irin tó so wíńdò mọ́ férémù jáde.

"Àǹtí mi! Kí lẹ ń ṣe yẹn? Òjò máa wọlé! Ìwé mi!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni mí."

Ó gbé wíńdò karí, ó kọjá sí ìta. Afẹ́fẹ́ gbé ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ wọlé, ó bà sórí ìwé. Aránṣọ wẹ̀yìn.

"Ọ̀mọ̀wé, ojú afẹ́fẹ́ yín ti là. Tó bá ń sunkún, ẹ fìwé yín nù ún."