Ọjọ́ Tí Mo Tú Kọ̀ǹpútà Bàbá Bùkọ́lá Sílẹ̀ Lóko Ẹrú

Ọjọ́ kan wà tó ti di àlejò ayérayé lọ́kàn mi; mo lé e títí, kò lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ki ojú kan tí àwa ọ̀làjú máa ń fà bí a bá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà. Ìwọ ojú iṣẹ́, mo júbà! Ìwọ iwájú orí tó dì bí àpò gàrí, ìwọ ètè tó ká sínú, ìwọ ọwọ́ tó gbé àgbọ̀n ró bí ẹni pé ìjọba àpapọ̀ ló ń dúró de ìdáhùn. Ìwọ lo sọ ọ̀lẹ di ọ̀gá. Ìyàwó rí ọ, ó yọ́ ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ọmọ rí ọ, ó gbé ẹkún rẹ̀ mì. Àlejò rí ọ, ó ní òun á padà wá lọ́la. Kò sì sí ẹni tó jẹ́ bi ọ́ léèrè pé kí ni o ń wò gan-an.

Port Harcourt ni mò ń gbé nígbà náà, ajíhìnrere sì ni mí. Ẹ má ṣì mí gbọ́, kò sí ọ̀run nínú ìhìnrere tèmi, Línọ́ọ̀sì, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà dípò Wíńdóòsì, ló wà níbẹ̀. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo kọ̀ tí n kò padà sílé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní kọ̀ǹpútà. Ohun tí mò ń wàásù kò le rárá: sọ́fítíwìà tí ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀ láìtọrọ àyè. Mo máa ń bi àwọn èèyàn pé, "Ta ló máa ra ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ti de ọmọrí rẹ̀ pa, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wo ohun tó ń jẹ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òótọ́ ni, wọ́n á sì padà sídìí Wíńdóòsì wọn. Kò dùn mí. Iná ń jó nínú mi! Àwòrán ẹyẹ pẹngúìnì, tí í ṣe àmì ìjọ wa, wà lẹ́yìn láptọ́ọ̀pù mi, ó wà lára àpò mi, ó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi ní Iwofe. Bí mo bá rí kọ̀ǹpútà tó ń lo Wíńdóòsì, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tó rí ọmọ ọlọ́mọ tí imú rẹ̀ ń dà.

Mo tilẹ̀ gbé ìwàásù náà dé Oil Mill Market. Mo dúró níwájú ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sunday, tó ń ta àdàkọ CD Wíńdóòsì, mo sì sọ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé olè lásán ni. Sunday wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Pastor, God bless you. You wan buy?"

Ẹnì kan ṣoṣo tí ìwàásù mi wọ̀ lára ni Bùkọ́lá, bóyá nítorí pé ó ti fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, Pidgin sì yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ọmọ Ìkirè ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá nínú iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, Rumuokwurushi sì ni ilé wọn wà. Àwọn ẹbí mi ti ń múra láti wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n Dádì ò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo irú ẹ̀dá tó jẹ́." Ìyẹn ni mo ṣe wọ aṣọ funfun báláú lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n lè wò mí dáadáa.

Dádì ò sí nílé nígbà tí mo dé. Mọ́mì ló gbà mí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ Bùkọ́lá. Dádì lọ kí ẹnì kan, wọn ò ní pẹ́ dé. Wọ́n ní ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà gan-an."

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà," mo wí, pẹ̀lú irú ìrẹ̀lẹ̀ tó ń pariwo.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ti Dádì. Fáírọ́ọ̀sì ti fẹ́ pa á. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ò ní rí wọn mọ́. Iṣẹ́ yẹn náà ni ò jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ wo ilé tí à ń kọ́ ní Ìkirè, tí kò tíì kọjá ìpìlẹ̀. Tí wọ́n bá dé tí wọ́n bá a tó ń yára, inú wọn á dùn sí yín."

Bùkọ́lá fojú gún mi. "Na only the virus o. Má fọwọ́ kan nǹkan míì."

"Ṣé mo ya wèrè ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ya wèrè. Wọ́n ní kí dókítà yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ aláìsàn, ó gé orí rẹ̀, ó ń wá òmíràn tí yóò fi síbẹ̀. Mo ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bú mi. Mo da gbogbo lẹ́tà Dádì kọ sórí CD, mo da fọ́tò wọn kọ, títí kan èyí tí ojú Dádì dì sí. Lẹ́yìn náà ni mo ki CD Línọ́ọ̀sì bọ inú rẹ̀, mo nu Wíńdóòsì nù kúrò lójú ayé, orin sì ń sọ nínú mi. Ẹ wò ó, ilé àna mi, ilé òmìnira!

Àárín méjì la wà nígbà tí iná lọ. A ti kúrò ní Íjíbítì, a ò tíì dé Kénáánì. Kò sí bẹntiróòlù nínú jẹnẹrétọ̀ wọn, mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì, mo sáré dé etí títì East-West, mo ra tàwọn ọmọ tó ń tà á lójú ọ̀nà. Kẹ́ẹ̀gì náà ń jò. Kí n tó padà dé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun mi kan ti di ti mẹkáníìkì. Mo fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kejì, okùn já mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì fìdí jókòó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni mọ́tò Dádì wọlé. Mo ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà. Mo kàn yí padà, mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

"Ta lèyí? Atúnjẹnẹrétọ̀ṣe?"

"Òun ni, Dádì," Bùkọ́lá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n pè wá mọ òkú èèyàn rẹ̀.

Bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, iná dé. Mo sáré parí iṣẹ́ mi, mo nu ọwọ́ mi, mo sì pe Dádì bí ẹni fẹ́ ṣí aṣọ lójú ère. Pẹngúìnì yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹyẹ wo lèyí?"

"Òmìnira ni, sà."

"Mo ní ẹyẹ wo ni." Ó jókòó, ó ń ti eku kọ̀ǹpútà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Iṣẹ́ mi dà?"

"Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, sà. Lẹ́tà yín, fọ́tò yín…"

"Mi ò bi ọ́ ní lẹ́tà. Iṣẹ́ mi dà?"

"Iṣẹ́ wo, sà?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. "Iṣẹ́… ìjọba. Èyí tó ní títì nínú. Títì, omi-ẹ̀rọ, iná mànàmáná. Àwọn ará ìlú á máa fẹjọ́ sùn pé omi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn."

Mọ́mì gbé ojú sókè. "Dádì, ìgbà wo ni kọ́sítọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi?"

"Ẹ̀ka tuntun ni."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Géèmù ni! Géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú, tí èèyàn á jẹ́ olórí ìlú náà, tí á máa la ọ̀nà, tí á máa gba owó orí. Ilé Ìkirè wà ní ìpìlẹ̀, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń kọ́ odindi ìlú. Mo la ẹnu, Dádì sì wò mí. Ojú yẹn ń bẹ̀ mí, ó sì tún ń lérí sí mi. Mo pa ẹnu mi dé.

"Mo mọ iṣẹ́ náà, sà."

"O mọ̀ ọ́n?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó tún le. "Ó dáa. Kí iṣẹ́ yẹn padà kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan. Bí kò bá padà, kí àwọn èèyàn rẹ má wulẹ̀ wọ mọ́tò."

Géèmù yẹn ò ṣiṣẹ́ lórí Línọ́ọ̀sì. Wíńdóòsì ló ń fẹ́, ibi tí wọ́n sì ti ń tà á tí apá mi ká a, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo fi fìlà bo ojú dé Oil Mill Market lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òkèèrè ni Sunday ti rí mi.

"Pastor! Una see Pastor? Pastor don backslide!"

Ìsọ̀ mẹ́ta ló da ẹ̀rín bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan tó ń ta wáyà fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìrònúpìwàdà fún mi. Mo tẹ̀ síwájú, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Abeg, Wíńdóòsì kan. Àti géèmù tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú. Fi sínú náílọ́ọ̀nù dúdú."

"Black nylon ke? No be you stand here talk say make everything dey open?"

Náílọ́ọ̀nù funfun, èyí tí èèyàn lè fi wo inú, ló kó o sí fún mi. Kí n tó kúrò nínú ọjà, mo pàdé méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. "Good afternoon, sir," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kí.

Nígbà tí mo dé Rumuokwurushi, Dádì ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àtòun, ó ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé pẹngúìnì jáde, mo dá Wíńdóòsì padà sórí oyè, mo fi géèmù sí i. Dádì ṣí i. Ilẹ̀ gbalasa ló rí, koríko tútù, kò sí ilé kan.

"Ìlú mi dà?"

"Ó ti parẹ́, sà. Mo da lẹ́tà kọ, mo da fọ́tò kọ. N kò mọ̀ pé ìlú kan wà níbẹ̀."

Ó ṣí fìlà. "Láti ìgbà tí a ti da ìpìlẹ̀ ilé Ìkirè ni mo ti ń kọ́ ọ. Iná kì í lọ níbẹ̀. Títì rẹ̀ ò ní kòtò kan. Mo ti fẹ́ parí pápákọ̀ òfuurufú." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn olóògbé. Kí n lè tù ú nínú, mo bi í bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù wà ní ìlú náà. Ó ní rárá, òun fẹ́ kí ìlú náà tètè gòkè.

"Máa lọ, ọmọ mi," ó wí níkẹyìn. "Sọ fún wọn nílé kí wọ́n má wá."

Mi ò lè dìde. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi, mo ń ro Bùkọ́lá. Ìgbà tó yá, mo fa láptọ́ọ̀pù mi jáde nínú àpò pẹ̀lú gbogbo ẹyẹ ara rẹ̀. Mo tàn án, mo tẹ bọ́tìnì kan bó ṣe ń jí, Wíńdóòsì tí mo fi pamọ́ síbẹ̀ sì yọ orí láti ẹ̀yìn pẹngúìnì. Mo tẹ bọ́tìnì mìíràn, ìlú kan ṣí sílẹ̀: afárá lórí òkun, pápákọ̀ òfuurufú méjì, pápá bọ́ọ̀lù, iná yanran.

Dádì fa àga súnmọ́ mi. "Ta ló kọ́ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ oníwàásù?"

"Èmi náà, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti ń wàásù, sà."

Mo fi fláàṣì gbé ìlú náà láti inú kọ̀ǹpútà mi sínú tirẹ̀. Ó rìn yí i ká, ó wo ilé ìwòsàn, ó wo títì. "Owó orí yìí ti pọ̀ jù."

"Ẹ lè dín in kù, sà. Tiyín ni báyìí."

Ó na ọwọ́ sí mi. "Kí àwọn èèyàn rẹ wọ mọ́tò."

Báyìí ni mo ṣe fi odindi ìlú fẹ́yàwó, n kò sì tíì gbọ́ ọkọ tó san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣì ń wàásù Línọ́ọ̀sì títí dòní, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n: kí n tó fọ́ ilẹ̀kùn túbú fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, kí n bi í bóyá ó ń gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, irú ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ìyàwó òun náà mọ̀wé kà.

Lọ́jọ́ náà, bí èmi àti Dádì ṣe jókòó ti ìlú náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mọ́mì yọjú, ó wò wá, ó sì yára fà sẹ́yìn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Bùkọ́lá, rọra rìn o, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe." Kí n má purọ́ fún yín, ojú iṣẹ́ méjì tó dì bí òkúta ló rí nínú yàrá yẹn, ọ̀kan nínú wọn, tèmi ni.