Bàbá Tó Ń Dáhùn Fún Ọmọ

Oko màlúù kan ní ìpínlẹ̀ Wisikọ́ńsìn, ní Amẹ́ríkà, láàárọ̀. Alden Halvorsen jókòó nídìí tábìlì ìdáná pẹ̀lú Britta, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kóòtù fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Mai Vang, òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kanlẹ̀kùn, ó wọlé.

MAI: Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo wá wo Britta.

ALDEN: Káàbọ̀. Ọ̀nà tó o gbà wọlé náà lo máa gbà jáde. Ara ọmọ mi le.

MAI: Ẹ̀yin lẹ pè wá!

ALDEN: Ìyàwó pásítọ̀ ló ní kí n pè. Mo pè. Ó tán. Wọ́n ní ẹ máa ń gbé ọmọ lọ.

MAI: Àwa kọ́ nìyẹn. Ilé yín níbí la ti ń ṣiṣẹ́. "Ibi tó mọ́ ọmọ lára" la ń pè é.

ALDEN: Ilé ìdáná la ń pè é.

MAI: Ó dáa, ilé ìdáná. Ká tó bẹ̀rẹ̀, mo ní láti sọ ẹ̀tọ́ yín fún yín.

ALDEN: (ó fò dìde) Ẹ̀tọ́ mi? Ohun tí ọlọ́pàá máa ń sọ nìyẹn kí wọ́n tó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síni lọ́wọ́! Kí ni mo ṣe?

MAI: Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá.

ALDEN: Mo ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́! Britta gan-an mọ̀ ọ́n. Ó ti ń lo tiẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i.

MAI: (ó ń rẹ́rìn-ín) Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀tọ́ láti gbà tàbí láti kọ̀ ni mò ń wí. Tẹ́ ò bá yọ̀ǹda, a ò ní fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ lè gba ìrànlọ́wọ́ kan, kẹ́ ẹ kọ èkejì.

ALDEN: Rárá!

MAI: Kí lẹ kọ̀?

ALDEN: N ò kọ nǹkan kan. Mò ń dán an wò ni. Látìgbà tí mo ti gbéyàwó, ẹnì kankan ò jẹ́ kí n sọ pé rárá rí. Ó mà dùn o! Máa bá a lọ.

MAI: Ṣé ẹ yọ̀ǹda kí n yẹ̀ ẹ́ wò?

ALDEN: Yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu ẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ó kí gbogbo ìjọ níkọ̀ọ̀kan.

MAI: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò nílò wa. Ẹ jẹ́ n máa lọ.

(Ó gbé báàgì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.)

ALDEN: Dúró.

(Ó wo Britta, ó wá yíjú sí Mai.)

ALDEN: Kò kí ẹnì kankan. Mo máa ń pe orúkọ ẹ̀ káàkiri ilé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan rí.

MAI: (ó padà jókòó) Ẹ ṣeun, Bàbá. Britta, kí lo fẹ́?

ALDEN: Mílíìkì ló fẹ́. (Ó ti bù ú.)

MAI: Òun ni mo bi.

ALDEN: Òun náà ló dáhùn. Wo ojú ẹ̀.

(Britta wo wàràkàṣì. Alden ti gé e. Britta ṣẹ́jú sí bisikíìtì. Alden ti gbé páálí ẹ̀ dé.)

MAI: Bàbá! Ìgbà wo ló fẹ́ ráyè sọ̀rọ̀?

ALDEN: Kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe? Màlúù mi ò sọ̀rọ̀ rí, ebi ò sì pa wọ́n rí.

MAI: Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹnì kan máa kọ́ Britta láti sọ̀rọ̀.

ALDEN: Ta ni?

MAI: Ẹ̀yin ni. Èmi á máa wá kọ́ yín.

ALDEN: Èmi? Kíláàsì kẹjọ ni mo ti sá nílé ìwé!

MAI: Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: ẹ mú bisikíìtì kan dání. Ẹ dúró. Ẹ panu mọ́.

(Alden mú un. Òógùn bò ó.)

ALDEN: Bisikíìtì!

MAI: Ẹ̀yin kọ́!

ALDEN: Ó ń wò mí!

MAI: Ẹ jẹ́ ó wò yín.

(Britta na ọwọ́, kò kàn án. Ó gbá tábìlì. Ó wo bàbá bàbá rẹ̀ bí ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lanu. "Bí!" ló ké.)

MAI: Bàbá! Ẹ gbọ́?

(Alden da gbogbo páálí bisikíìtì sórí tábìlì. Omi ń dà lójú rẹ̀.)

ALDEN: Mai, tètè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀, kó o lè máa wá, kó tó tún sọ òmíràn!